Àbùlẹ̀ Tí A Ò Tètè Lẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Aago kan ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Mo wà nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, nísàlẹ̀ ọsibítù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ń jẹ ìrẹsì tí mo gbé láti ilé. Àwa mẹ́fà la wà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Fóònù kan dún. Kí ẹni tó gbé e tó sọ pé hẹ́lò, òmíràn ti dún, ẹ̀kẹta náà dún. Èyí tó dún lápò tèmi, Àǹtí kan ló pè mí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n lókè, ọmọ Ìjẹ̀bú. Wọn kì í pe nọ́ńbà ọ́fíìsì wa, wọ́n ní orin la máa ń fi dá àwọn dúró.

"Àbúrò mi, sáré máa bọ̀ o. Ojú kọ̀ǹpútà wa ti di pupa. Ó ní ká wá sanwó."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ bá mi fa wáyà rẹ̀ yọ."

"Wáyà wo? Ti iná àbí èyí tó wọ ògiri?"

"Méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Mo fi ìrẹsì sílẹ̀. Mi ò rántí ẹni tó padà dà á nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK nígbà náà máa rántí ọjọ́ yẹn. Ilé wo nínú ilé wa níbí ni kò sí nọ́ọ̀sì, tàbí dókítà, tàbí ẹni tó ń ti àwọn aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́? WannaCry ni orúkọ kòkòrò náà. Bó bá ti wọ kọ̀ǹpútà, gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ló máa tì pa, á wá gbé ìkìlọ̀ pupa sójú rẹ̀ pé kí onítọ̀hún san $300 pẹ̀lú Bitcoin. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, owó náà á di $600. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ó ní kí wọ́n gbàgbé fáìlì wọn. Ajínigbé ni, àfi pé fáìlì ló ń jí gbé. Kí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, Europol, sọ pé ó ti mú ohun tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè 150. Ó wọ Telefónica ní Sípéènì, ó wọ Renault ní Faransé, ó hàn lójú pátákó tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ń wò ní Jámánì, ó sì wọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Rọ́ṣíà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tẹlifíṣọ̀n ń sọ pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọlu NHS. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ò sì mọ́ tán nínú ọ̀rọ̀ náà. Ihò tí olè gbà wọlé, wọ́n ti fún wa ní ohun tí a ó fi dí i láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló wà láàárín.

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní patch yìí, àbùlẹ̀ náà ni, àbùlẹ̀ tí ìyá wa máa ń lẹ̀ mọ́ orúnkún ṣòkòtò iléèwé. Àwọn àgbà ní àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́. Kọ̀ǹpútà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sí ẹni tó lè kọ Windows láìṣe àṣìṣe, nítorí náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, Microsoft máa ń gbé àbùlẹ̀ jáde fún àwọn ihò tí wọ́n bá rí. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ti aṣọ níbì kan. Bí o bá lẹ̀ ṣòkòtò rẹ, ìwọ nìkan lo mọ ibi tí ihò náà wà. Bí Microsoft bá gbé àbùlẹ̀ jáde, gbogbo ayé ló rí i. Ẹni rere rí i, olè náà rí i. Olè á gbé ti tuntun, á fi wé ti àtijọ́, á mọ ibi tí wọ́n tún ṣe gan-an. Láti wákàtí yẹn, eré ìje ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹni tó fẹ́ dí ihò àti ẹni tó fẹ́ gbà á kọjá, ọ̀pọ̀ onílé ò sì mọ̀ pé wọ́n ti fọn fèrè.

Àwọn àbùlẹ̀ ti oṣù kejì ọdún náà kò jáde lọ́jọ́ tó yẹ. Microsoft sún wọn síwájú, ohun tí wọn kì í ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní MS17-010 jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ihò náà díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti wá. Àwọn kọ̀ǹpútà Windows ní èdè kan tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ jọ lo fáìlì tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. SMB ni wọ́n ń pè é, ẹnu ilẹ̀kùn 445 ló sì máa ń dúró sí. Ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́ ti gbó, láti àwọn ọdún 1980 ló ti wà, àmọ́ wọ́n fi sílẹ̀ nínú Windows nítorí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò gbọ́ òmíràn. Bí ènìyàn bá gbé ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n dìídì ṣe ní ìṣekúṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, Windows á ṣi àyè tí ọ̀rọ̀ náà nílò kà, ọ̀rọ̀ náà á kún dà sí ibi tí kò yẹ kó dé, ohun tí àlejò bá sì fi sínú rẹ̀ á di àṣẹ onílé. Kò sí pé ó béèrè password. Kò sí pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣí ímeèlì ẹni tí wọn ò mọ̀, ṣùgbọ́n èyí ò ní kí wọ́n ṣí ohunkóhun. Kí kọ̀ǹpútà ṣáà ti wà lórí wáyà, kó sì tàn. Èyí tó bá kọ́kọ́ kó o, òun ni yóò máa lọ kan ilẹ̀kùn gbogbo àwọn tó wà ládùúgbò rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsinmi.

Oṣù kan gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, ọjọ́ Good Friday, àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Shadow Brokers da àpò irinṣẹ́ kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Irinṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà ni, ti NSA. Ọ̀kan nínú wọn, EternalBlue, ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn 445 yẹn. Ìwé ìròyìn Washington Post kọ ọ́ pé ó lé ní ọdún márùn-ún tí NSA ti ń lò ó láti fi ṣe amí, wọn ò sì sọ fún Microsoft. Ìgbà tí wọ́n rí i pé olè ti jí kọ́kọ́rọ́ náà ni wọ́n tó wá lanu.

Inú bí mi sí èyí, ó ṣì ń bí mi. Ẹni tó rí i pé ògiri ilé rẹ ti lanu, tó dákẹ́ torí pé òun náà ń yọ́ gba ibẹ̀ wọlé lóru, tí aláǹgbá wá tẹ̀ lé e wọlé, kí la fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Brad Smith, ọ̀gá kan ní Microsoft, bínú síta lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí WannaCry jà. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n jí ohun ìjà lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú sí NSA kò dáhùn ìbéèrè tó kan àwa: àbùlẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí ló dé tí a ò lẹ̀ ẹ́?

NHS Digital fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ọsibítù nínú oṣù kẹta, wọ́n tún fi òmíràn ránṣẹ́ nínú oṣù kẹrin. Mo ka ti àkọ́kọ́. Mo rántí pé mo kà á ní ìdúró, pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Nígbà náà, a máa ń ṣe ìpàdé kan ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ohunkóhun tí a bá fẹ́ yí padà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ àbùlẹ̀ yìí dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká má lẹ̀ ẹ́. Ẹ fọkàn sí ìyẹn. Ohun tí oníkálukú sọ ni pé kí a má fi ti òun ṣe àkọ́kọ́.

Àwọn tó jókòó sílé ní ọ̀lẹ ni wá. Ká má parọ́, ọ̀lẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pọ̀ jù. Kí àbùlẹ̀ tó lè wọlé dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Nílé yín, ìyẹn ò ju kí ẹ lọ bu omi mu kẹ́ ẹ padà dé. Ní ọsibítù, ta ló fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun kú? Ibi ìtọ́jú pàjáwìrì kì í sùn. Yàrá ìbímọ kì í sùn. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní software kan tí ẹni tó kọ ọ́ ti ta iléeṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí Windows bá yí padà díẹ̀, software náà lè má jí mọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé kì í ṣe tiwa láti fọwọ́ kàn. Iléeṣẹ́ tó tà á ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, wọ́n sì lẹ sítíkà mọ́ ọn pé ẹni tó bá fi nǹkan kan kún un láìgbàṣẹ, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ di tirẹ̀.

Ẹ̀ka scan ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù. Lọ́dún tó ṣáájú, èmi ni mo fi àbùlẹ̀ kan sí kọ̀ǹpútà wọn, ojú ẹ̀rọ náà sì ṣókùnkùn fún odidi òwúrọ̀ kan. Ẹ̀kọ́ tí mo rí gbà lọ́jọ́ yẹn wọ̀ mí létí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n béèrè ní ìpàdé pé ti scan ńkọ́, èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí oṣù náà dé, a tún sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kọ̀ǹpútà tó kù, a ti lẹ̀ tó ìdajì kí ọjọ́ Ẹtì yẹn tó dé. Ìdajì ni. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú, tó ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀, ìdajì lòun náà tì.

Ohun tí mo rántí jù lọ́jọ́ náà ni àtẹ̀gùn. Wọ́n ní kí a má lo lífìtì, kí ó wà fún àwọn aláìsàn, a sì ń sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ń fa wáyà yọ. Ibi tí kò tíì kó o náà, a fà á yọ. Ọ̀gá wa, òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, dúró láàárín ọ̀nà, ó ń pariwo nọ́ńbà àwọn yàrá tó kù. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ọ̀sán, NHS England ti kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá. Ní agbègbè márùn-ún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní láti darí àwọn tó ń bọ̀ wá gba ìtọ́jú pàjáwìrì lọ síbòmíràn. Àwọn ọsibítù kan pa ímeèlì wọn kí kòkòrò má bàa gba ibẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ímeèlì yẹn ni ìkìlọ̀ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. WhatsApp ni dókítà fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀.

Mo dé wọ́ọ̀dù Àǹtí. Wọ́n ti gbé pépà jáde. Àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì dúró, wọ́n ń wo ara wọn, ṣùgbọ́n Àǹtí ti fa ìlà sórí ìwé, wọ́n ti kọ orúkọ àwọn aláìsàn, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì, oògùn àti aago tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Wọ́n wò mí lókè gíláàsì wọn. "Ṣebí báyìí la ṣe ń ṣe é ní UCH," wọ́n ní. "Bírò ò ní kòkòrò."

Ní ẹ̀ka scan, méjì nínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ti pupa. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó síta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, torí wọ́n ní kó má jẹun kó tó ṣe scan. Nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé fún un pé kó máa lọ sílé, pé wọ́n máa kọ lẹ́tà sí i. Bàbá náà béèrè pé ṣé òun lè jẹun báyìí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹni tó dá kòkòrò náà dúró, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan ni, Marcus Hutchins, tó ń gbé ní Devon. Lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ó ti rí i pé kí WannaCry tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ pe àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì gígùn kan tí kò nítumọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, á máa bá ibi rẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá dáhùn, á jókòó jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó ni àdírẹ́sì náà. Hutchins fi $10.69 rà á kó lè máa ka iye kọ̀ǹpútà tó ń pè é, kò sì kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ti pa á lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe mí kanlẹ̀.

Àmọ́ Hutchins ò dí ihò kankan. Kọ̀ǹpútà tó ti tì, títì ló wà. Ẹni tó bá sì yọ àdírẹ́sì yẹn kúrò nínú kòkòrò náà lè tú òmíràn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ihò 445 ṣì wà ní ṣíṣí. Ìdí nìyẹn tí a ò fi lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì, tí a ò lọ lọ́jọ́ Sátidé. Microsoft fúnra wọn ṣe ohun tí wọn kì í sábà ṣe: wọ́n gbé àbùlẹ̀ jáde fún Windows XP, tí wọ́n ti pa tì láti oṣù kẹrin ọdún 2014.

Iṣẹ́ náà ò ní ìyanu kankan. Ẹ ó fi flash gbé àbùlẹ̀ lọ síwájú kọ̀ǹpútà, torí kò gbọdọ̀ wà lórí wáyà. KB4012212 ni nọ́ńbà ti Windows 7. Mo mọ̀ ọ́n lórí ju nọ́ńbà fóònù ìyàwó mi lọ. Ẹ ó fi sí i, ẹ ó pa SMB àtijọ́ yẹn, ẹ ó pa kọ̀ǹpútà, ẹ ó tún un tàn, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò pé ó wọlé, ẹ ó lẹ sítíkà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, ẹ ó bọ́ sí èyí tó kàn. Èyí tó ti tì, ẹ ó fọ gbogbo inú rẹ̀ nù, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Láàárín òru Sátidé, ọmọ Índíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sùn lọ lórí àga pẹ̀lú flash lọ́wọ́. Nígbà tí mo jí i, ó béèrè pé yàrá wo ló kù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ scan tó fún wa láṣẹ. Ẹni tó wà lórí fóònù lọ́dọ̀ wọn ò jiyàn rárá, ó ní ká ṣe é. Mo fi àbùlẹ̀ sí i. Mo pa á, mo tún un tàn. Ojú rẹ̀ ò ṣókùnkùn. Mo wo aago: ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Nínú oṣù kẹwàá, National Audit Office tó ń yẹ ìwé ìjọba wò gbé ìròyìn wọn jáde. Nínú ẹgbẹ́ ọsibítù 236 tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 80 ló fara gbá a: 34 kó kòkòrò náà, 46 kò kó o ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn dàrú. Ọ́fíìsì dókítà àdúgbò 595 ló kó o. Wọ́n ka 6,912 ènìyàn tí wọ́n sún ọjọ́ ìtọ́jú wọn síwájú, wọ́n sì ní àròpọ̀ rẹ̀ máa lé ní 19,000. Bàbá yẹn ti gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣírò owó tí gbogbo rẹ̀ ná NHS sí £92 mílíọ̀nù. Kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún àwọn ajínigbé náà nínú NHS.

Nígbà yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ ju pé Windows XP ló fa gbogbo rẹ̀, pé ìjọba ò fún wa lówó ra tuntun. Ó dùn ún gbọ́, ó sì gba gbogbo wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà sọ ọ́ gbangba: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kó o jẹ́ Windows 7, tí Microsoft ṣì ń tọ́jú, tí àbùlẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n tún sọ pé NHS Digital ti lọ yẹ ẹgbẹ́ ọsibítù 88 wò ṣáájú, kò sí ẹyọ kan tó yege. Owó ò tó, òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni àbùlẹ̀ yẹn. Ohun tó wọ́n wa ni ẹni tó máa ní àṣẹ láti sọ pé, ẹ dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, bí nǹkan bá bàjẹ́, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí.

Mo rò pé lẹ́yìn èyí, gbogbo ayé á ti gbọ́n. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti díẹ̀ lọ, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, kòkòrò mìíràn jáde ní Ukraine, tí wọ́n pè ní NotPetya. Inú software owó-orí kan tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń lò ni wọ́n fi pamọ́ sí. EternalBlue kan náà wà lára ohun tó fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń béèrè owó, àmọ́ irọ́ ni, pípa ló wá pa. Bó bá sì ti wọ kọ̀ǹpútà kan tí kò ní àbùlẹ̀, á jí password tó bá bá nínú rẹ̀, á fi password náà wọ àwọn tó ti ní àbùlẹ̀. Nígbà tí mo kà á, scan ni mo rántí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó dúró di oṣù tó ń bọ̀ lè ṣílẹ̀kùn fún gbogbo àwọn tó kù.

Maersk wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ti fi mọ́tò ránṣẹ́ sílé rí ti rí orúkọ wọn lára kọ̀ǹtéńà, ẹbí iléeṣẹ́ wọn náà ló ń ṣàkóso èbúté kọ̀ǹtéńà ní Àpápá. Wọ́n ní nǹkan bí 150 server tó mọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wọn káàkiri ayé, ta ló lè wọlé, ta ni kò lè wọlé. Ìkọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀dà ohun tó wà nínú ìyókù, nítorí náà bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á fi òmíràn jí i. Kò sẹ́ni tó rò ó pé gbogbo wọn lè kú pọ̀. Láàárín ọjọ́ kan, wọ́n kú. Ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀ lórí òkun, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹtéńà orí rẹ̀.

Andy Greenberg kọ ìyókù sínú ìwé ìròyìn Wired lọ́dún 2018. Àwọn tó ń ṣàtúnṣe kó jọ sí Maidenhead, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń pe ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan káàkiri ayé pé ṣé ti yín ṣì wà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, ní Ghana. Kí ló yọ ọ́? Wọ́n ti mú iná lọ. Kí kòkòrò náà tó dé, iná ti lọ ní ọ́fíìsì yẹn, server náà ti kú, kò sì sí lórí wáyà. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní dumsor, tí àwa ń fi bú NEPA.

Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò lágbára tó láti fi ohun inú rẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ìyẹn máa gbà. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ Ghana kan gbé e wọ bàálù wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní fisà UK. (Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa.) Ni ẹnìkan nínú wọn bá gbé hard drive náà wọ bàálù lọ sí Nàìjíríà, ó pàdé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn ní pápákọ̀ òfurufú, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ìyẹn tún wọ bàálù wákàtí mẹ́fà àbọ̀ wá sí Heathrow. Láti inú hard drive yẹn ni wọ́n ti tún iléeṣẹ́ náà kọ́. Alága wọn, Jim Hagemann Snabe, sọ ní Davos pé 4,000 server àti kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n tún ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ṣírò àdánù wọn sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn yìí bí àwàdà níbi ayẹyẹ, pé àìsí iná nílẹ̀ Áfíríkà ló gba Maersk là. Èmi náà ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá dá wà, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn yàtọ̀. Ohun tí gbogbo wa ń sá fún ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀, kí ẹ̀rọ kú fún ìgbà díẹ̀, òun ló dá ẹyọ kan yẹn sí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2019, Microsoft tún kìlọ̀. Ihò tuntun ti wà nínú Remote Desktop, èyí tí wọ́n fi ń ti ọ̀nà jíjìn wọ kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀kùn 3389 ni tirẹ̀. Bíi ti àkọ́kọ́ ni: kò béèrè password, kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan, ó sì lè máa ti ara kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn. Àjọ ìjọba UK tó ń rí sí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, NCSC, ló rí i, wọ́n sì sọ fún Microsoft. Mo kíyè sí ìyẹn: lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọlọ́gbọ́n ìjọba rí ihò, wọ́n sì lanu. Microsoft tún gbé àbùlẹ̀ jáde fún XP.

Ọ̀gá wa kò dúró de Ọjọ́bọ̀. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ló pe gbogbo wa jọ, ó sì pe àwọn olórí ẹ̀ka náà. Ìyá tó jẹ́ olórí scan, òyìnbó Scotland kan tí kì í bá wa ṣeré, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

Mo ní, "Mọ́kànlá."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. "Aago mẹ́ta òru. Màá wà níbẹ̀."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú ife tíì méjì. Mo fi àbùlẹ̀ sí i, mo pa ẹ̀rọ, àwa méjèèjì dúró, a ń wo ojú rẹ̀ tó dúdú. Ó tàn. Ó gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń dán an wò sórí rẹ̀, ó ya àwòrán kan, ó ní ó dára, ó sì wọ kóòtù rẹ̀.

Kí n tó wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀, mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sí Àǹtí, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, pé a ti lẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí o. Ọ̀sán ni wọ́n tó dáhùn, wọ́n ní iná ò sí láti àná.

"Lẹ̀ kí ni, àbúrò mi?"